Kíróṣé: Abẹ́rẹ́ Kan, Òwú Kan

Ẹ kú ọyẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ láti lọ pọn omi ìwẹ̀ ní Jos nínú oṣù Kìíní mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ìpàdé wa kan ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún òwe àti àlọ́ ìjàpá, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ti òkè òkun wá, Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò fi kọ́ ọ. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi gan-an, àmọ́ mi ò rí èsì kankan fọ̀. Ìdí ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ mi ní kíróṣé nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò sì lè ṣàlàyé ìdajì rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni èsì mi. Ẹ mú abẹ́rẹ́ àti wúùlù lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń kà á, kí ẹ wò ó bóyá ó yé yín. Tí kò bá yé yín, ẹ jẹ́ ká jọ jà á ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún, ó sì yẹ kó bímọ ní àsìkò Kérésìmesì. Nígbà tí wọ́n wá wò mí lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, mo kàn la ẹnu ni, mo ní èmi ni màá hun fìlà àti ibọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà máa wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Màmá mi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè rán bọ́tìnnì?" Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé òun gbà, pé òun ò sì ní ra òmíràn. Wàhálà dé nìyẹn. Owó tó yẹ kí n fi ra gàrí àti mílíìkì, mo kó o fún olùkọ́ wa kan, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ra wúùlù funfun bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti abẹ́rẹ́ kan lọ́jà. Mi ò tíì di abẹ́rẹ́ kíróṣé mú rí láyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi ló kọ́ mi. Ọmọ Tiv ni, ìyá rẹ̀ ló kọ́ òun náà, kò sì gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Kí ni kíróṣé gan-an? Inú èdè Faransé ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìkọ́ kékeré. Ìkọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń hun aṣọ òkè, òwú tó ta gùn sílẹ̀ wà lọ́tọ̀, èyí tó ń fi há a ní ìbú wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ń hun súwẹ́tà ń lo abẹ́rẹ́ gígùn méjì, ojóbó bíi ọgọ́rùn-ún lè wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá sì já bọ́, ó lè tú lọ sísàlẹ̀ bí àkàbà. Ti kíróṣé yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ kan, òwú kan, ojóbó kan ṣoṣo ló sì máa ń kù lórí abẹ́rẹ́ nígbà tí o bá parí ojú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì: tí agogo prep bá dún lójijì, o kàn máa fa ojóbó yẹn gùn díẹ̀, o yọ abẹ́rẹ́, o ju gbogbo rẹ̀ sínú báàgì. Kò séwu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fa ìdí òwú náà o! Gbogbo rẹ̀ ló máa tú.

Nǹkan mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀rọ wà tó ń hun súwẹ́tà, ṣùgbọ́n kíróṣé gidi, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é títí di òní. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lọ́jà tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, ẹ rántí pé ẹnì kan jókòó hun ún ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí ti gba ẹ̀mí là rí. Ní nǹkan bí ọdún 1845, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba pòtétò jẹ́ lóko ní ilẹ̀ Ireland. Pòtétò ni àwọn tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìyàn mú fún ọdún bíi mélòó kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú. Lásìkò ìyàn náà, àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin, púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ Àgùdà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ ṣe léèsì fún títà, owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí sì fi jẹun. Léèsì yẹn ni ayé ń pè ní Irish crochet di òní. Bí a bá ń jẹ pòtétò Jos wa ní dáínìn, mo máa ń rántí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí irinṣẹ́. Abẹ́rẹ́ náà, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní pínnì kíróṣé, máa ń ní nọ́ńbà lára. Nọ́ńbà yẹn ni bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 tàbí 5. Èyí tó tín-ín-rín jù máa fi ojú yín rí màbo. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ tí àwọn onídìrí fi ń ki irun o. Tìyẹn ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́nu tó ń ṣí tó ń tì, ó sì máa ń há wúùlù mọ́nú. Màmá họ́sítẹ́ẹ̀lì wa kò kúkú mọ ìyàtọ̀ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi jáde, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo fẹ́ fi ki àtaṣímẹ́ǹtì sórí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí mo mú wúùlù funfun hàn wọ́n ni wọ́n tó gbà. Ta ló máa fi wúùlù funfun dirun?

Ní ti wúùlù, ẹ ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò tín-ín-rín, tí kò sì ní irun gbàgàgbàgà lára. Dúdú kò dára fún akẹ́kọ̀ọ́ rárá, ẹ ò ní rí ojú tí ẹ fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ̀, pàápàá pẹ̀lú gílóòbù họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá lówó lè fi wúùlù tí wọ́n fi ń dirun, tí a ń pè ní Brazilian wool, kọ́ ọwọ́. Kò wọ́n, àmọ́ ó máa ń pín sí méjì lẹ́nu abẹ́rẹ́. Tọ́mọdé ni kí ó rọ̀, kí ó má yún un lára. Ẹ wá sísọ́ọ̀sì, ẹ wá pínnì kékeré tí a fi ń de aṣọ, ó parí.

Bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, ọ̀nà méjì ni: bí ẹní mú bírò, tàbí bí ẹní mú ọ̀bẹ tó fẹ́ gé iṣu. Èyí tó bá rọ ọwọ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú. Ọwọ́ kejì ló máa ń dí jù. Wúùlù máa gba orí ìka ìfábẹ̀là kọjá, yóò lọ́ mọ́ ìka kékeré lẹ́ẹ̀kan, kó lè máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má dẹ̀ jù, kó má sì le jù. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, kó yí gbogbo rẹ̀ sódì.

Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wúùlù ṣe òrùka kan sórí tábìlì, kí apá tó ń lọ sínú bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ òrùka náà. Ẹ ki abẹ́rẹ́ sínú òrùka, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kọ́ apá tó wà lábẹ́ yẹn, ẹ fà á sókè, kí ẹ wá fa ìdí òwú kí ó le díẹ̀. Kókó ojóbó nìyẹn, irú èyí tí a fi ń so ewúrẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lè máa yọ̀ lórí abẹ́rẹ́.

Ojú àkọ́kọ́ ni ẹ̀wọ̀n. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ gbé wúùlù gba orí abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ fà á gba inú ojóbó tó wà lórí abẹ́rẹ́. Ó di ọ̀kan. Ẹ tún ṣe é. Ó di méjì. Tí ẹ bá wò ó lójú, ẹ máa rí i pé ó ń tò bíi lẹ́tà V lórí ara wọn. V yẹn ni à ń kà. A kì í ka kókó, a kì í sì í ka ojóbó tó wà lórí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀wọ̀n ni mo ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gùn láti bẹ́ẹ̀dì mi dé ẹnu ọ̀nà! Síbẹ̀ kò wúlò, torí mo fún un le débi pé abẹ́rẹ́ kò lè padà wọnú ẹ̀ fún ìlà kejì. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi ni pé ìbẹ̀rù ló máa ń mú kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ le. Ó ní kí n lo abẹ́rẹ́ tó tóbi díẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n, kí n wá padà sí tèmi tó bá di ìlà àkọ́kọ́. Ó sì ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, àwọn ojú yòókù ò ju kí a ka iye ìgbà tí a gbé wúùlù lé abẹ́rẹ́ àti iye ojóbó tí a fà á gbà. Èyí tó kúrú jù ni mo sọ ní ojú ìsopọ̀: ẹ ki abẹ́rẹ́ sínú ojú kan, ẹ kọ́ wúùlù, ẹ fà á jáde gba inú gbogbo ohun tó wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní gíga kankan, a kàn fi ń so ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ojú kúkurú ló tẹ̀ lé e. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ kọ́ wúùlù, ẹ fà á jáde sókè: ojóbó méjì ló wà lórí abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ tún kọ́ wúùlù, ẹ fà á gba inú méjèèjì. Ó kù ọ̀kan. Aṣọ tó máa ń jáde nínú èyí nípọn, ó sì ki; ó dára fún báàgì àti ohun tí a fi ń di ìkòkò gbígbóná mú.

Ojú gíga ni èmi fẹ́ràn jù, torí pé ó yára. Kí ẹ tó ki abẹ́rẹ́ bọ ibikíbi, ẹ kọ́kọ́ gbé wúùlù lé e lórí. Ẹ wá kì í bọ ojú, ẹ kọ́ wúùlù, ẹ fà á jáde: mẹ́ta ló wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́ wúùlù, ẹ fà á gba inú méjì: ó ku méjì. Ẹ tún kọ́ ọ, ẹ fà á gba inú méjì yẹn: ó ku ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé nígbà tó wà ní mẹ́ta ni ẹ fà á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ìdajì ni ẹ ṣe yẹn, gíga rẹ̀ wà láàárín kúkurú àti gíga.

Ibi tí a ti ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ náà ṣe pàtàkì. Lórí ìlà tí ẹ ti parí, ẹ máa rí V yẹn tó sùn sílẹ̀. Abẹ́ apá méjèèjì V ni kí abẹ́rẹ́ gbà. Tí ẹ bá ń mú apá kan ṣoṣo láìmọ̀, iṣẹ́ náà máa ní ìlà bí orí ìwé rúlà.

Ó wá kù ibi tó fẹ́ pa mí. Mo fi ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ojú gíga 30, mo fẹ́ fi kọ́ ọwọ́ kí n tó bọ́ sórí fìlà. Mò ń hun lọ, mò ń kọrin. Nígbà tí mo fi dé ìlà ogún, nǹkan náà ti di onígun mẹ́ta, bíi síkáàfù tí àwọn ọmọ Scout ń so mọ́ ọrùn. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mo ka ojú ìlà tó gbẹ̀yìn: 11 ló kù. Mi ò já òwú, mi ò sì mọ ẹni tó jí ojú mọ́kàndínlógún mi lọ! Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún, torí oṣù kan péré ló kù kí ọmọ dé.

Àlàyé rẹ̀ rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fọkàn sí i, torí èyí ló ń lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí kíróṣé. Ojú gíga ga. Tí ẹ bá dé ìparí ìlà, tí ẹ sì fẹ́ yí iṣẹ́ padà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ dé òkè ibi tí ìlà tuntun máa wà. Ẹ̀wọ̀n la fi ń gùn ún bí àkàbà: ẹ̀wọ̀n 1 fún ojú kúkurú, 2 fún ojú ìdajì, 3 fún ojú gíga. Fún ojú gíga, ẹ̀wọ̀n 3 yẹn fúnra rẹ̀ la kà sí ojú àkọ́kọ́ nínú ìlà tuntun, nítorí náà a máa fo ojú tó wà nídìí rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú kejì. Ṣùgbọ́n tí a bá wá dé ìparí ìlà, ojú tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọ orí ẹ̀wọ̀n 3 ti ìlà ìsàlẹ̀, torí ojú ni òun náà. Kò jọ ojú. Ó jọ ẹ̀gbẹ́ aṣọ lásán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fò ó. Mo ń pàdánù ọ̀kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan: 30, 29, 28, títí ó fi di 11.

Ojú kúkurú rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ̀wọ̀n 1 rẹ̀ a kì í kà á sí ojú, nítorí náà a kì í fo nǹkan kan. Ẹ dán an wò: ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 16, ẹ fo ọ̀kan tó sún mọ́ abẹ́rẹ́, kí ẹ ṣe ojú kúkurú kọ̀ọ̀kan sínú yòókù. 15 ni. Ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 1, ẹ yí i padà, ẹ tún ṣe 15. Tó bá jẹ́ ojú gíga 15 lẹ fẹ́, ẹ̀wọ̀n 17 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. 14 máa jáde níbẹ̀, mẹ́ta tí ẹ fò sì dúró fún ọ̀kan. Ẹ fi pínnì kékeré yẹn sí ojú àkọ́kọ́ àti ojú ìkẹyìn, kí ẹ sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yí i padà. Ẹ má sọ pé ẹ ó kà á tó bá yá. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà kan ṣì wà tí ẹ máa bá pàdé nínú ìwé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ojú kúkurú ní single crochet, wọ́n ń pe ojú gíga ní double crochet. Àwọn ará Bìrìtìkó ń pe ojú kúkurú yẹn kan náà ní double crochet, ojú gíga ni wọ́n sì ń pè ní treble. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Orúkọ kan, ojú méjì. Ìwé àtijọ́ tó wà ní láíbìrì wa, ti Bìrìtìkó ni. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi, ti Amẹ́ríkà ni. Mo tẹ̀ lé ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó jáde kò jọ àwòrán rẹ̀ rárá. Kí ẹni tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè ṣàlàyé nǹkan wá wo ìyẹn ná. Kúkurú kúrú, gíga ga. Ẹni tó bá fojú wò ó mọ èyí tí à ń wí.

Fìlà ló kù. Ẹ̀wọ̀n 4, ẹ fi ojú ìsopọ̀ so ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kó di òrùka. Ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n 3, kí ẹ wá ṣe ojú gíga 11 sínú òrùka náà, kí ẹ sì fi ojú ìsopọ̀ so ó pọ̀: 12. Gbogbo ìyípo la máa fi ẹ̀wọ̀n 3 bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ó sì so ó pọ̀ níparí. Ní ìyípo kejì, ojú méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 24. Ní ìkẹta, ọ̀kan síbí, méjì sọ́hùn-ún: 36. Ní ìkẹrin, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì: 48. Méjìlá-méjìlá ló ń lé sí i, ó sì máa tẹ́ bí àwo. Tí ẹ bá fi púpọ̀ jù sí i, etí rẹ̀ máa ká wọ́kọwọ̀kọ bí ewé ẹ̀fọ́. Ẹ má rò pé àṣìṣe nìkan nìyẹn o: ní ọdún 1997, obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan, Daina Taimina, ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ fi kíróṣé ṣe irú ìkáwọ́kọ bẹ́ẹ̀ láti fi irú jiọ́mẹ́tírì kan tó ṣòro láti yà sórí pátákó han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ ìṣirò wa, wọ́n ní kí n mú un wá sí kíláàsì.

Ìgbà wo la máa dáwọ́ ìlésí dúró? Orí ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Ẹ fi 3.14 pín in, ó jẹ́ bíi 11. Tí àwo yẹn bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11 láti etí dé etí, kí ẹ dẹ́kun ìlésí, kí ẹ máa fi ojú kan sínú ojú kan. Fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká wálẹ̀ di fìlà.

Ọmọ dé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì, ọkùnrin ni. Mo gbé fìlà mi jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ níwájú gbogbo ẹbí. Mi ò tíì mọ̀ pé láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti kúrò ní líle, ó ti wá dẹ̀ jù: fìlà náà bò ó lójú dé imú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó bá a mu. Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí parí. Màmá mi fi ẹsẹ̀ ọmọ tó wọ̀ ọ́ han àwọn àlejò, wọ́n sì fi aṣọ bo èkejì.

Ẹ̀sẹ̀ kejì ni mò ń hun lọ́wọ́ báyìí. Mo máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án Sátidé lẹ́yìn aṣọ fífọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́, kó wá bá mi níbẹ̀, àmọ́ kó mú wúùlù tirẹ̀ wá. Tèmi ò tó nǹkan mọ́.